Píkọ́ọ̀pù Tó Ṣẹ́ Lọ́wọ́ Mi

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ wà ní oríta, tí bàbá ń fà yín sí ọ́fíìsì, tí ìyá ń fà yín sí ìsọ̀, ẹ jókòó tì mí díẹ̀. Mi ò ní pàṣẹ fún ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni mo ṣe láti ìgbà tí irùngbọ̀n mi ti ń hù títí tó fi funfun, òun ni mo fẹ́ ròyìn fún yín, kí ẹ wo iwájú rẹ̀, kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹ tó mọ ibi tí ẹ ó fẹsẹ̀ lé.

Mùfútáù lorúkọ mi. Sabon Zongo ní Accra ni wọ́n bí mi sí, ṣùgbọ́n Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi ti wá. Bí ẹ bá dé Abossey Okai, àdúgbò àwọn oníṣẹ́ ọkọ̀ ní Accra, tí ẹ ń béèrè Mùfútáù, wọn yóò kàn máa wò yín lójú. Ẹ béèrè Alata Sitiretína, kíákíá ni wọ́n á fi ilé mi hàn yín. Alata ni àwọn ará Ghana ń pe àwa Yorùbá. Sitiretína ni ẹni tí ń tún ara ọkọ̀ tó wọ́ ṣe, èyí tí àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní panẹbítà. Ti Accra yẹn dùn mọ́ mi ju ti Nàìjíríà lọ, torí ìtumọ̀ rẹ̀ ni ẹni tí ń mú ohun wíwọ́ tọ́. Ta ni kò ní fẹ́ kí wọ́n máa pe òun bẹ́ẹ̀?

Bí mo ṣe wọ iṣẹ́ náà kò gba àlàyé. Bàbá mi ń ta àgádágodo àti ìdè ilẹ̀kùn ní ọjà Tudu, ó sì fẹ́ kí n jókòó ti ìsọ̀. Ara mi kò gba ìjókòó. Ní ìgbà tí ìjọba ológun fẹ́ di ti alágbádá, tí gbogbo èèyàn ń tò láti dìbò, bàbá mi mú mi lọ́wọ́ lọ sí Abossey Okai, ó fà mí lé ọkùnrin kan lọ́wọ́, ọmọ ẹ̀yà Gáà tó ni ilẹ̀ Accra. Ó ní, "Ẹran ara rẹ̀ ni kí ẹ lò, ẹ dá egungun rẹ̀ padà fún mi." Ó bá tirẹ̀ lọ.

Ọkùnrin yẹn ni Tetteh. Másítà ni gbogbo wa ń pè é, torí bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń pe ọ̀gá iṣẹ́ níbí. Ó kúrú, ó ki, pákò kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀. Kì í pariwo. Ẹni tó bá ṣàṣìṣe, yóò yọ pákò lẹ́nu, yóò wò ó títí, yóò tún dá pákò padà. Ẹ̀rù wíwò yẹn máa ń bà wá ju ẹgba lọ.

Oṣù mẹ́rin àkọ́kọ́, mi ò fọwọ́ kan ọkọ̀. Agolo mílíìkì ni Másítà ń fún mi. Yóò gbé agolo kalẹ̀, yóò fi bàtà rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ pẹrẹsẹ, yóò wá na òòlù onígi kékeré sí mi.

"Alata, mú un padà sí bó ṣe wà."

Bí mo bá parí, yóò gbé agolo náà sórí dígí. Bó bá mì, yóò tún tẹ̀ ẹ́. Bí kò bá mì, yóò rọ omi sí i. Bó bá jò, yóò tún tẹ̀ ẹ́. Mo sunkún nítorí agolo mílíìkì, mi ò ní purọ́ fún yín. Ọjọ́ kan mo bi í léèrè ìdí tí mo fi ń lu ohun tí wọ́n fẹ́ sọ nù. Ó ní, "Bóo bá fi ipá lu irin, á fẹ̀. Bó bá ti fẹ̀, kò ní padà sáyè rẹ̀ mọ́. Agolo kò nípọn, kíá ló máa ń sọ fún ẹ pé o ti lù ú jù. Ara ọkọ̀ máa ń pẹ́ kó tó sọ."

Àwọn àgbà Yorùbá ní alágbẹ̀dẹ tó ń lu irin lójú kan, ó ní ohun tó fẹ́ fà yọ níbẹ̀. Mo ti ń gbọ́ òwe yẹn láti kékeré. Ìdí agolo ni mo ti mọ ìtumọ̀ rẹ̀.

Lẹ́yìn agolo ló kan ilẹ̀kùn. Másítà kì í jẹ́ kí a fi ojú yẹ iṣẹ́ wò. Yóò ní kí a dijú, kí a fi àtẹ́lẹwọ́ pa ara irin láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí a sọ ibi tó ti ga àti ibi tó ti kòtò. Ojú a máa tan ni jẹ, pàápàá bí oòrùn bá ràn sára irin. Àtẹ́lẹwọ́ kì í tanni.

Ọdún kejì mi níbẹ̀, mo dán ọgbọ́n àgàbàgebè kan wò. Tásì màmá kan, ìyá Gáà tó ń ta ẹja, ni ilẹ̀kùn rẹ̀ tẹ̀ wọnú. Ó yẹ kí n lù ú fún ọjọ́ méjì. Másítà kò sí nílé, mo po pọ́tì, ohun tó dà bí ẹ̀kọ gbígbóná tí ń le koko bó bá gbẹ. Mo fi dí kòtò náà, mo fi sáńpépà yún un títí ó fi ń dán. Inú mi dùn. Másítà dé, ó fi orí ìka kan ilẹ̀kùn náà, kó, kó, kó. Nígbà tó dé ojú pọ́tì, ohùn yí padà, ó di pọ̀, pọ̀. Ó yọ pákò lẹ́nu.

"Ta ló kọ́ ẹ ní irọ́?"

Mo fi sáńpépà pamọ́ sẹ́yìn.

"Irọ́ lo lẹ̀ mọ́ ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ yìí. Oòrùn á wá, òjò á wá, wọ́n á tú ẹ fó lójú gbogbo ayé. Ó sàn kí ìwọ tú ara rẹ fó."

Nígbà tí ìyá ẹlẹ́ja dé, èmi fúnra mi ni mo ṣàlàyé ohun tí mo ṣe fún un, tí mo sì ha pọ́tì náà kúrò níṣojú rẹ̀. Ojú tì mí débi pé òógùn ń kán bọ́ láti imú mi. Ìyá náà wò mí, ó bú sẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ yẹn, bó bá ti ní kí wọ́n tún ọkọ̀ òun ṣe, á ní, "Ọmọ Alata tó máa ń jẹ́wọ́ yẹn ni kó ṣe é."

Mo lo ọdún mẹ́rin kí n tó gba òmìnira. Mo gba àyè kékeré kan lọ́wọ́ onílẹ̀ kan nínú òpópónà kan náà, mo dá dúró, mo fẹ́ Ráfátù. Ráfátù ń ra aṣọ òkè òkun tó ti gbó díẹ̀ ní ọjà Kantamanto, yóò tún un rán, yóò tà á. Èmi ń tún irin ṣe, òun ń tún aṣọ ṣe. Bàbá mi máa ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ pé kò sí ohun tuntun kankan nínú ilé wa.

Iṣẹ́ dé, òkìkí dé, ìgbéraga sì tẹ̀lé e. Ohun tó gbòde nígbà náà ni kí wọ́n máa fa píkọ́ọ̀pù gùn. Ẹni tó ní píkọ́ọ̀pù kékeré fẹ́ kó gba ẹrù bíi ti lọ́rì, nítorí náà a ó gé e láàárín, a ó fi irin kún un, a ó kan agbọ̀n ẹ̀yìn tó gùn sí i. Mo mọ̀ ọ́n ṣe. Mo tún mọ̀ pé mo mọ̀ ọ́n ṣe, ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Alájì kan tó ń kó iṣu láti òkè wá sí ọjà Agbogbloshie gbé píkọ́ọ̀pù kan wá. Ọkọ̀ àtijọ́ ni, iná iwájú rẹ̀ rí róbótó bí ojú òwìwí, orí rẹ̀ yípo bí ẹ̀yìn ìjàpá, irin rẹ̀ nípọn. Mo fẹ́ràn rẹ̀ láti ọjọ́ tí mo rí i. Iṣu tuntun ti ń jáde, Alájì sì ń kánjú.

Ó ní, "Ọjọ́ mẹ́ta."

Iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́wàá ni. Mo ní, "Kò sí wàhálà, Alájì."

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé kí ẹ lè mọ ẹ̀ṣẹ̀ mi. Ṣáásì ni irin gígùn méjì tó wà lábẹ́ ọkọ̀, òun ni eegun ẹ̀yìn rẹ̀. Gbogbo ẹrù, orí rẹ̀ ló ń sùn. A kì í gé ṣáásì ní gbọnrangandan bí ẹni gé iṣu. Ẹ̀gbẹ́ là ń gé e sí, kí ojú ibi tí a gé lè gùn, kí irin méjèèjì lè fara ti ara wọn. Bí a bá ti jó wọn pọ̀ tán, a ó fi irin pẹlẹbẹ mìíràn tì í nínú, a ó fi bóòtù dè é. Másítà ti kọ́ mi. Mo ti ṣe é lójú rẹ̀ nígbà àìmọye. Ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́ta ni Alájì fún mi, ni mo bá gé e ní gbọnrangandan, mo jó o pọ̀, mo fi ọ̀dà dúdú bò ó, ó ń dán bí ẹja tútù. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Agbára ni mo fi mú tèmi.

Ìrìn àjò kẹta ló ṣẹ́. Lẹ́bàá ìlú Nsawam, táyà kọ lu gegele kan lójú títì, ọkọ̀ náà sì ká láàárín bí ìgbà tí èèyàn ṣẹ́ ìrèké. Iṣu kún títì. Dẹ́rẹ́bà rẹ̀, Alásàn, ọ̀dọ́kùnrin kan tó máa ń kí mi ní "Sànnú, Alata" láràárọ̀, itan rẹ̀ ni ìjókòó ká mọ́. Egungun itan ṣẹ́ níbi méjì.

Mo sáré dé ilé ìwòsàn, mi ò lè wọlé. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà títí nọ́ọ̀sì kan fi bi mí pé ta ni mo wá wò. Nígbà tí mo dé ẹ̀gbẹ́ ibùsùn rẹ̀, Alásàn yí ojú sí mi. Kò bú mi. Ó kàn ní, "Mo gbọ́ nígbà tó ké. Irin náà ké bí èèyàn." Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń dún létí mi.

Àwọn ará iṣẹ́ wa pe ìpàdé. Kí a tó jókòó, àwọn ọ̀rẹ́ mi mẹ́ta fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n ní, "Ẹrù ló pọ̀ jù. Sọ pé ẹrù ló pọ̀ jù. Gbogbo èèyàn mọ̀ pé Alájì máa ń di ẹrù bí òkè." Irọ́ kọ́ ni wọ́n pa o. Ẹrù náà pọ̀ lóòótọ́. Ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ti lewu nìyẹn.

A jókòó. Másítà wà níbẹ̀, ó ń jẹ pákò, kò wo ibi tí mo wà. Alájì dìde.

"Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ mọ̀. Ṣé ẹrù mi ló ṣẹ́ ọkọ̀ yìí, àbí iṣẹ́ ọwọ́ Alata?"

Mo ronú kan Ráfátù, ó lóyún àkọ́bí wa. Mo ronú kan ìsọ̀ mi. Mo sì rí itan Alásàn tí wọ́n so rọ̀ sókè. Mo dìde.

Mo ní, "Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni. Mo gé e ní gbọnrangandan, mi ò fi irin tì í nínú. Bí mo bá ṣe é bó ṣe yẹ, ẹrù yẹn kò tó láti ṣẹ́ ẹ."

Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Wọn kò pàtẹ́wọ́ fún mi. Ẹgbẹ́ àwa sitiretína ní kí n má fọwọ́ kan ṣáásì oníbàárà kankan fún ọdún méjì. Onílẹ̀ gba ilẹ̀ rẹ̀, ó ní òun kò fẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ kan ìsọ̀ òun. Mo ta púpọ̀ nínú irinṣẹ́ mi láti fi tọ́jú Alásàn. Àwọn oníbàárà tó ń dúró dè mí láàárọ̀ wá ń gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá bí ẹni pé mi ò sí.

Ní ọjọ́ kẹjọ, Másítà wá sílé. Kò jókòó.

Ó ní, "Bó bá jẹ́ pé o gbàgbé ohun tí mo kọ́ ẹ ni, ǹ bá tún un kọ́ ẹ. O ò gbàgbé. O mọ̀ ọ́n, o sì kọ̀ ọ́. Ìyẹn ló dùn mí." Ó wo àgbàlá yíká. "Ọkọ̀ náà dà?"

"Alájì ti tà á fún àwọn onírin àlòkù ní Agbogbloshie."

"Lọ gbà á kí wọ́n tó gé e wẹ́wẹ́. Ìwọ lo ṣẹ́ ẹ. Ìwọ ni kó tò ó."

Bí píkọ́ọ̀pù náà ṣe dé àgbàlá wa ní Sabon Zongo nìyẹn, lẹ́ẹ̀mejì, lórí kẹ̀kẹ́ ẹrù tí èèyàn mẹ́fà ń tì: iwájú lákọ̀ọ́kọ́, ẹ̀yìn lẹ́yìn náà. Àwọn ará ilé jáde wò ó bí ẹni ń wo òkú. Ráfátù di ìbàdí mú.

"Ṣé ohun tí a ó máa jí rí láràárọ̀ nìyí, bàbá ọmọ mi?"

Mo ní kó jọ̀wọ́. Ó yíjú, ó wọlé lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo rí i pé ó ti tú okùn aṣọ rẹ̀ kúrò lábẹ́ igi dóńgóyárò, ó ti so ó mọ́ ibòmíràn, kí èmi lè rí ibòji ṣiṣẹ́.

Ọdún méjì gbáko ni mo fi tún ọkọ̀ náà ṣe. Láàárín rẹ̀, mo ń lọ bá àwọn ẹlòmíràn ṣiṣẹ́ òòjọ́ kí a lè jẹun, bí mo bá sì dé, inú àgbàlá ni mo ń kú sí. Ariwo òòlù dá ìjà sílẹ̀. Ìyá àgbà kan wà nínú ilé wa, Màmá Àdísà, àbúrò onílé. Ó ní òun kò lè sùn, òun kò lè kírun, òun kò lè ronú. A ṣe àdéhùn: mi ò ní lu irin kí wọ́n tó jẹun àárọ̀, mi ò sì ní lù ú lẹ́yìn ìrun ìrọ̀lẹ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, Màmá Àdísà ti gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ sábẹ́ dóńgóyárò. Ó ń pàṣẹ fún mi. "Apá ọ̀tún yẹn ga ju tòsì lọ." Ẹ gbà mí gbọ́, ó ga ju tòsì lọ lóòótọ́.

Ṣáásì ni mo kọ́kọ́ ṣe. Mo gé gbogbo ibi tí mo ti bàjẹ́ kúrò, mo gé e sí ẹ̀gbẹ́, mo fi irin pẹlẹbẹ tì í nínú àti lóde, mo fi bóòtù mẹ́jọ mẹ́jọ dè é. Mi ò kùn ún lọ́dà. Mo fẹ́ kí ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ wò ó rí ojú ibi tí mo ti jó o. Lẹ́yìn náà ni mo wá bọ́ sára rẹ̀. Ìpẹtà ti jẹ ilẹ̀ ọkọ̀ débi pé koríko ń yọjú sókè láti ìsàlẹ̀. Mo la dúrọ́ọ̀mù epo, mo nà á, mo fi ṣe ilẹ̀ tuntun. Òrùka iná iwájú kan ti sọnù, kò sì sí irú rẹ̀ ní gbogbo Abossey Okai, ọkọ̀ náà ti dàgbà ju àwọn tó ń ta ẹ̀yà ọkọ̀ lọ. Mo gba ìdérí ìkòkò kan tó ti lu lọ́wọ́ Ráfátù, mo lù ú fún ọjọ́ mẹ́rin, ó di òrùka. Títí di òní, ẹ ò lè mọ èyí tó jẹ́ ìdérí ìkòkò nínú méjèèjì.

Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti kú. Mo ra èyí tó kéré sí i lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n kò bá àyè rẹ̀ mu, nítorí náà mo ṣe ẹsẹ̀ tuntun fún un, mo gbé àyè jíà sókè díẹ̀. Ìjókòó ńkọ́? Ráfátù ló rán an. Ó kó àwọn ṣòkòtò jíǹsì tí kò tà ní Kantamanto jọ, ó yọ àpò ẹ̀yìn wọn, ó tò wọ́n pọ̀ ní igun mẹ́rin mẹ́rin, ó fi okùn funfun rán an. Òun náà ló yan àwọ̀. Ó mú àjákù aṣọ kan wá, àwọ̀ rẹ̀ bí aró tí wọ́n ti fọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. "Èyí ni," ló wí. Ẹ̀ẹ̀meje ni mo po ọ̀dà kó tó gbà pé ó jọ ọ́.

Nígbà tó parí, kò sí ẹni tó fẹ́ fi ẹrù sí i. Wọ́n á yìn ín, wọ́n á fọwọ́ pa á, wọ́n á bi mí pé, "Ṣebí èyí tó ṣẹ́ yẹn ni?" Wọ́n á sì lọ.

Mo lọ bá Alásàn. Ó ti ń rìn, ṣùgbọ́n ọ̀pá ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì tíì wa ọkọ̀ láti ọjọ́ náà. Mo ní kó wá wo ọkọ̀. Ó dé, ó yí i ká, ó dùbúlẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹn, ó wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó jáde, ó gbọn yanrìn dànù.

"Ẹrù tó wà lórí rẹ̀ nígbà yẹn, a lè dì í padà?"

Mo ní, "A lè dì ju bẹ́ẹ̀ lọ."

"Ọ̀nà Nsawam?"

"Ọ̀nà Nsawam."

"Èmi ni n ó wà á. Ìwọ ńkọ́, níbo lo máa jókòó?"

Mo ní, "Ẹ̀yìn. Lórí ibi tí mo ti jó o. Bí yóò bá tún ṣẹ́, kó ṣẹ́ lábẹ́ mi."

A lọ sí Agbogbloshie, a bẹ àwọn oníṣu, wọ́n yá wa ní iṣu tó kún agbọ̀n ẹ̀yìn dé ẹnu. Másítà wá. Ó bọ́ síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ Alásàn, ó ti ilẹ̀kùn. Mo gun orí iṣu. Ráfátù dúró pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn, ó ń gbàdúrà, ẹnu rẹ̀ ń lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

Ẹ̀yin ọmọ, mo ti bẹ̀rù ní ayé mi, ṣùgbọ́n n kò bẹ̀rù bíi ti ọjọ́ yẹn. Gbogbo gegele kéékèèké tí a kọ lù ni mo fi ìdí mi gbọ́. Nígbà tí a dé ibi gegele ńlá yẹn, Alásàn dúró. Mo rí ọrùn rẹ̀ láti inú dígí ẹ̀yìn, òógùn ti bò ó. Lẹ́yìn náà ó tẹ iná. Kò rọra o. Ó fi gbogbo agbára ọkọ̀ lù ú. Iṣu fò sókè, èmi náà fò sókè, a jọ bọ́ padà sílẹ̀, irin sì dún lẹ́ẹ̀kan, gbì, bí ẹni fi ẹsẹ̀ tẹlẹ̀. Ó dákẹ́. Ọkọ̀ ń lọ. Alásàn yọ orí síta, ó ń pariwo ní Hausa, ó ń rẹ́rìn-ín, omi ń dà lójú rẹ̀. Ó yí padà, ó tún gbà á kọjá, ó tún yí padà. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló gbà á.

Másítà sọ̀ kalẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka pa ojú ibi tí mo ti jó o. Ó yọ pákò lẹ́nu.

"Ó tọ́."

Ọ̀rọ̀ méjì ni. Ọdún tí mo fi bá a gbé, kò yin ẹnikẹ́ni ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Alásàn ló fi ọkọ̀ náà ṣiṣẹ́ fún ọdún mọ́kànlá. Mo fà á lé e lọ́wọ́, torí ó tọ́ sí i. Òun ló sì ta mí sí gbogbo ayé, ibikíbi tó bá dúró, á ní, "Ẹni tó ṣẹ́ mi lẹ́sẹ̀ ló ṣe ọkọ̀ yìí, ẹ gbé tiyín lọ bá a." Ẹ ò lè ra irú ìkéde bẹ́ẹ̀. Mi ò padà sí Abossey Okai. Àgbàlá wa di ibi iṣẹ́. Píkọ́ọ̀pù àtijọ́ ni wọ́n ń gbé wá láti Kumasi, láti Cape Coast, títí kan ti ọkùnrin kan tó gbé tirẹ̀ wá láti Lomé. Mi ò sì kánjú fún ẹnikẹ́ni mọ́. Ẹni tó bá ní ọjọ́ mẹ́ta, mo máa ń ní kó lọ ra kẹ̀kẹ́.

Irinṣẹ́ yí padà lójú mi. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, kábáàdì, òkúta tí a ń bu omi lé, la fi ń ṣe gáàsì tí ń jó irin, òórùn rẹ̀ kì í kúrò nínú aṣọ. Ráfátù ní bí mo bá wọlé òun kì í nílò kí n kan ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn náà, ẹ̀rọ tí ń jó irin dé, ó ń tu okùn wáyà jáde fúnra rẹ̀ bí aláǹtakùn. Ọ̀dà tí mo ń fi ojú pò, kọ̀ǹpútà ń pò ó báyìí. Mo kọ́kọ́ bínú sí i. Lẹ́yìn náà mo rántí ẹ̀ẹ̀meje tí mo po ti Ráfátù, mo lọ bá wọn láti kọ́ ọ. Ohun tó dùn mí ni rọ́bà. Bọ́ńpà rọ́bà, mọ́gáàdì rọ́bà. Bó bá fọ́, wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á ju òmíràn sí i. Kò sí ohun tí ọwọ́ lè bá a sọ. Ṣùgbọ́n ayé kì í dúró de sitiretína.

Bí ẹ bá bi mí pé ṣé kí ẹ wá ṣe iṣẹ́ ọwọ́, ohun tí mo mọ̀ ni mo máa sọ. Iṣẹ́ ọwọ́ á fi yín hàn fún ara yín. Nínú ọ́fíìsì, àṣìṣe lè sùn sínú fáìlì fún ogún ọdún. Tiwa á pàdé yín lójú títì. Bí ẹ bá lè gba ìyẹn, ẹ wá. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà tèmi ni mo tú sílẹ̀ fún yín yìí, ẹ wo ibi tó ti ya.

Mo fi òòlù sílẹ̀ nígbà tí èjìká ọ̀tún mi kọ̀ láti gòkè mọ́. Ọkàn mi balẹ̀. Ní oṣù tó kọjá, èmi àti Ráfátù lọ síbi ìsọmọlórúkọ kan ní Kaneshie. Píkọ́ọ̀pù àtijọ́ funfun kan wà lẹ́nu ọ̀nà, àwọn èèyàn yí i ká, wọ́n ń yà á ní fọ́tò. Ọ̀dọ́kùnrin tó ni ín ń sọ ìtàn rẹ̀. Ó ní bàbá òun ló rà á, tó fi sílẹ̀ fún òun nígbà tó kú.

Mo mọ ọkọ̀ náà. Kí ọ̀dọ́kùnrin yẹn tó mọ̀rìn, ìjì òjò ti wó igi lé e lórí, òrùlé rẹ̀ tẹ̀ dé orí sìtíárìn, bàbá rẹ̀ sì gbé e wá sí àgbàlá wa pẹ̀lú omijé. Oṣù márùn-ún ni mo fi gbé òrùlé yẹn dìde. Ó dájú pé bàbá rẹ̀ kò sọ fún un rí.

Ọ̀dọ́kùnrin náà rí i pé mo tẹjú mọ́ ọkọ̀. Ó wá bá mi, ó tẹrí ba.

"Bàbá, ẹ máa wò ó dáadáa. Bó ṣe jáde ní ilé iṣẹ́ ló wà yìí o. Òòlù kò kàn án rí."

Ráfátù la ẹnu láti dáhùn. Mo rọra di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Mo ní, "Ó hàn lára rẹ̀, ọmọ mi."